Láti Òṣómàáló dé USDT: ta ló di owó wa mú?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ìtàn rèé o. Mo ta USDT fún ẹnì kan lórí P2P l'Óṣogbo. Alẹ́ẹ̀tì wọlé, mo tú kọ́ìnì sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, bánkì ti àkáǹtì mi pa: wọ́n ní owó olówó tí wọ́n jí ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo sọ fún màmá mi àgbà n'Iléṣà, wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé o mọ ẹni tó sanwó ọ̀hún?" Mi ò lésì.

2/ Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ọmọ Òṣómàáló ni màmá. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyẹn ń gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn. Tọ́jọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: "Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi!" Kò sí alẹ́ẹ̀tì. Ojú wọn ló ń ṣọ́ owó wọn.

3/ Owó ọ̀hún gan-an ńkọ́? Lọ́dún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀. Bánkì á san pọ́n-ùn sí London, Board á fún un ní ṣílè iye kan náà l'Ékòó. Tó bá fẹ́ gba pọ́n-ùn padà, á dá ṣílè padà. Stablecoin láìsí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn! Àmọ́ London ni owó tó dúró fún un wà.

4/ USDT tó jáde ní 2014, ọgbọ́n kan náà ni: dọ́là kan nípamọ́, kọ́ìnì kan níta. Àbí? Ní 2021, àjọ CFTC ti Amẹ́ríkà bu ìtanràn mílíọ̀nù 41 dọ́là lé Tether. Wọ́n ní láàárín 2016 sí 2018, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni dọ́là tó wà nípamọ́ kò tó kọ́ìnì tó wà níta.

5/ Ní February 2021, CBN ní kí àwọn bánkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò crypto. Làwa náà bá ya sí P2P. Áàpù á ti kọ́ìnì mọ́lẹ̀, náírà á gba bánkì lọ, ìwọ lo máa sọ pé "owó ti dé." Gbogbo ayé ló lè rí ìrìn kọ́ìnì lórí blockchain. Ṣùgbọ́n ìrìn náírà, inú ìwé bánkì nìkan ló wà, áàpù ò rí i. Àlàfo yẹn lolè ń gbà wọlé.

6/ CBN dẹwọ́ ní December 2023. Ní 2025, cNGN dé: náírà kan ní bánkì, cNGN kan níta. Ó dáa. Ìbéèrè màmá ṣì wà níbẹ̀ ṣá.

7/ Torí náà: orúkọ tó wà lórí áàpù àti orúkọ tó sanwó gbọ́dọ̀ bára mu. Èmi ò wò ó, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ẹ má gba alẹ́ẹ̀tì gbọ́, ẹ ṣí áàpù bánkì yín wò. Tórúkọ bá yàtọ̀, ẹ má tú kọ́ìnì sílẹ̀, kó bẹ̀ yín títí.

Ẹ lóṣòó ti owó yín o. Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣe P2P.