Orírun Orúkọ Igi Yew

Igi yew kì í wọ́wé. Bí òtútù bá mú ní Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ igi inú igbó wà ní ìhòòhò, ewé tirẹ̀ ṣì ń tutù yọ̀yọ̀. Májèlé sì ni. Julius Caesar kọ ọ́ pé òun ni Catuvolcus, ọ̀kan nínú àwọn ọba ẹ̀yà Eburones, fi pa ara rẹ̀ ní ọdún 53 ṣáájú ìbí Jésù.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pe igi yìí ní īw, Jámánì àtijọ́ pè é ní īwa, àwọn ará Norway àti Iceland ìgbà náà ń pè é ní ýr. Àwọn onímọ̀ èdè fi wọ́n wéra, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan, īwaz, ló bí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tún ní ēoh, èyí tó tún jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn runes, àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń fín sára igi àti òkúta. Jámánì àtijọ́ náà ní īgo. Nítorí náà, àwọn kan ní īhwaz ni baba wọn, pé ìró àárín rẹ̀ ló pòórá níbì kan tó sì yí padà níbòmíràn.

Ẹbí ọ̀rọ̀ yìí kọjá àwọn èdè tó bá Jámánì tan. Eó ni Irish àtijọ́ pè é, iuwis ni Prussia àtijọ́. Ṣùgbọ́n igi willow ni iva àwọn Rọ́ṣíà, oríṣi cherry kan sì ni ieva ti Lithuania. Àwọn méjèèjì ń wọ́wé! Orúkọ dúró, igi yí padà. Àwọn ará Hiti, ní ilẹ̀ Túrkì òde òní, ní igi mímọ́ kan tí kì í wọ́wé, eya, tí ìtàn òrìṣà wọn Telipinu sọ pé wọ́n gbé awọ àgùntàn kọ́ sórí rẹ̀. Àwọn kan so ó mọ́ yew. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí rẹ̀ kò le tó.

Ýr àwọn ará Norway àti Iceland tún túmọ̀ sí ọrun, nítorí igi yìí ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Ýdalir, àfonífojì yew, ni ilé Ullr, òrìṣà wọn tó mọ ọfà í ta. Ọrun yew tí wọn kò tíì gbẹ́ tán wà lọ́dọ̀ Ötzi, òkú tí wọ́n rí nínú yìnyín orí òkè Alps ní 1991, tó ti lé ní 5,000 ọdún. Ní 1472, òfin England pàṣẹ pé kí oníṣòwò tó ń kó ọjà wọ̀lú gbé igi ọrun 4 wá fún tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan.