Jígí Inú Kámẹ́rà: Ta Ló Ya Àwọn Baba Wa, Ta Ló sì Mọ Orúkọ Wọn?

Ọ̀rọ̀ fọ́tò la fẹ́ fi ṣe ìtàn lónìí. Kì í ṣe fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó tí a ń sanwó fún. Fọ́tò tí ènìyàn ń yà nítorí pé ó wù ú ni à ń wí.

Lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kámẹ́rà najú ti ń pọ̀ sí i láàárín wa. Ẹlòmíràn ra àlòkù ní Kútọnu, ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ti Faransé bọ̀. Èyí tó gbòde báyìí ni kámẹ́rà mirrorless, ìyẹn kámẹ́rà tí kò ní jígí nínú. Ṣùgbọ́n kí jígí tó kúrò nínú kámẹ́rà, ó ní ìgbà tó wọ ibẹ̀. Kí kámẹ́rà sì tó dé ọwọ́ wa, ó ní ọwọ́ tó ti kọ́kọ́ wà. Ìtàn méjèèjì jọ ń rìn pọ̀ ni. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀.

ÌGBÀ ÀPÓTÍ ÀTI AṢỌ DÚDÚ

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ Daguerre ní Paris, tí ayé fi gbọ́ pé ènìyàn lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Àpótí ni kámẹ́rà ìgbà náà. Lẹ́ǹsì wà níwájú rẹ̀, gíláàsì tí kò mọ́ gaara wà lẹ́yìn. Ayàwòrán á da aṣọ dúdú borí, á wo ohun tó fẹ́ yà lórí gíláàsì náà, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Bó bá ti tẹ́ ẹ lọ́rùn, á yọ gíláàsì kúrò, á fi àwo tí wọ́n ti fi oògùn pa sí ipò rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò lè gba inú lẹ́ǹsì wo ohun tó ń yà mọ́. Ẹni tí wọ́n ń yà sì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan bí ère.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ yìí fi dé etíkun wa. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, àwọn ènìyàn dúdú ti ní ilé fọ́tò tiwọn ní Freetown, ní Accra àti ní Èkó. Ìdílé Lutterodt ti Accra a máa gbé àpótí wọn rin etíkun láti ìlú dé ìlú. Ọmọ Ọ̀tà kan, Herzekiah Andrew Shanu, tí wọ́n bí ní 1858, lọ sí Kóńgò ní 1884, ó sì di ayàwòrán ní Boma. Nígbà tó yá, ó ń fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tú àṣírí ìwà ìkà ìjọba Ọba Leopold níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òyìnbó nìkan ló mú kámẹ́rà láyé ijọ́un, ẹ sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àgbègbè tiwa, ọ̀pọ̀ nínú fọ́tò ìgbà náà tó ṣẹ́kù jẹ́ èyí tí àlejò yà. Edmond Fortier, Faransé tó fi Dakar ṣe ibùgbé, wá sí Dàhòmì ní 1908, ó sì sọ fọ́tò rẹ̀ di káàdì ìfìwéránṣẹ́. Ẹ wo irú káàdì ìgbà náà dáadáa. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju “obìnrin Dàhòmì” tàbí “oníjó” lọ. Ìyá tí ẹ ń wò yẹn ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní ilé bàbá. Wọn ò kọ ọ̀kankan.

ÀWỌ̀ DÉ NÍ 1930

Albert Kahn jẹ́ olówó ilé ìfowópamọ́ ní Paris. Láàárín 1909 sí 1931, ó ń rán àwọn ayàwòrán káàkiri ayé kí wọ́n lè kó àwòrán bí ènìyàn ṣe ń gbé jọ. Ní 1930, ó rán Frédéric Gadmer wá sí Dàhòmì pẹ̀lú Bàbá Francis Aupiais, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tó ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́ tó sì fẹ́ràn láti mọ àṣà ilẹ̀ yìí. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n kó lọ ju 1,000 lọ, yàtọ̀ sí fíìmù.

Ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún ni wọ́n fi ń ṣe àwo aláwọ̀ yìí. Wọ́n á pa ìyẹ̀fun náà láró sí oríṣi àwọ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí gíláàsì. Àwọn Lumière ní Faransé ló gbé e jáde fún títà ní 1907. Ó rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ àti sùúrù. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi ń dúró gbagidi nínú àwòrán wọ̀nyẹn, tí ẹ̀rín kò sí. Kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n má mira ni.

Boulogne-Billancourt, lẹ́bàá Paris, ni àwo wọ̀nyẹn wà títí dòní, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ Albert Kahn.

JÍGÍ WỌLÉ: FÁTÚMBÍ NÍ KÉTU

Ìṣòro àpótí àtijọ́ ni pé ojú ayàwòrán àti àwo kò lè lo ìmọ́lẹ̀ kan náà nígbà kan náà. Jígí ló tún un ṣe. Ní 1929, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì gbé Rolleiflex jáde, tó ní lẹ́ǹsì méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Tòkè ń gbé àwòrán sórí jígí fún ojú, tìsàlẹ̀ ń gbé e sórí fíìmù. Ayàwòrán á gbé e sí àyà, á tẹríba wò ó. Kámẹ́rà kò bo ojú rẹ̀; ẹni tí wọ́n ń yà ń rí ẹni tó ń yà á.

Irú èyí ni Pierre Verger gbé kọ́ rùn wá sọ́dọ̀ wa. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1902. Ní 1932 ló kọ́ fọ́tò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí pé ó wù ú, tó sì fi ń rìn káyé. Ó dé Bahia ní Bràsíl ní 1946, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ti ń bọ òrìṣà, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu. Èyí ló fà á wá. Ní 1953, ní Kétu gan-an, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá, orúkọ rẹ̀ sì di Fátúmbí, ìyẹn Ifá tún mi bí. Ó ń mú fọ́tò ìhín lọ hàn wọ́n ní Bahia, ó ń mú ti ọ̀hún wá hàn wá níbí. Àwọn tí òkun ti yà láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú rí ara wọn lórí ìwé.

Ẹ fiyè sí èyí: ilé ìwádìí IFAN ní Dakar kò gbà kó fi mọ sí fọ́tò nìkan. Wọ́n ní kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí òrìṣà àti vodun jáde ní 1957. Nǹkan bí 62,000 nẹ́gátíìfù rẹ̀ ló wà nílé rẹ̀ ní Salvador, níbi tó kú sí ní 1996.

ILÉ FỌ́TÒ TIWA

Nígbà tí àwọn àlejò ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, àwọn tiwa náà kò káwọ́ gbera. Ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou (1912–1999) ni ìdílé púpọ̀ lọ bá láti yàwòrán. Ọmọ rẹ̀, Léonce Raphaël Agbodjelou, tí wọ́n bí ní 1965, ló ya àwọn ará Àjàṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ aláràbarà wọn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí fọ́tò ìlú wa fi dé àwọn gbọ̀ngàn ìpàtẹ lókè òkun.

Ilé fọ́tò kì í ṣe ibi ọ̀ṣọ́ nìkan. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn ayàwòrán Yorùbá ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó kù á kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ irú aṣọ tí èkejì ì bá wọ̀. Fọ́tò gba ipò ère ìbejì. Ìyá tó gbé irú fọ́tò yìí sínú àpótí mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí ọmọ rẹ̀ kankan tó jẹ́ “ọmọ Dàhòmì” lásán.

JÍGÍ JÁDE

Wọ́n tún ń gbé jígí sẹ́yìn lẹ́ǹsì kan ṣoṣo. Irú rẹ̀ ni Nikon F tó jáde ní 1959. Jígí dagun lẹ́yìn lẹ́ǹsì, ó ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sókè síbi ojú. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, jígí á fò sókè, ìmọ́lẹ̀ á bá fíìmù, jígí á tún padà. Ìró “kúláákì” tí gbogbo wa mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rọ rọ́pò fíìmù, jígí kò wúlò bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ lè fi ohun tó ń rí hàn lójú kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Panasonic gbé Lumix G1 jáde ní 2008, Sony gbé A7 jáde ní 2013. Ní 2018, Canon àti Nikon gbé àwọn EOS R àti Z tiwọn jáde. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ra kámẹ́rà onijígí tuntun ń dín kù.

Kí ni èyí fún ẹni tó ń fi fọ́tò najú? Kámẹ́rà fúyẹ́. Ẹ ń rí bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ lè fi òrùka kékeré so lẹ́ǹsì ayé fíìmù mọ́ ọn, èyí tí owó rẹ̀ kì í pọ̀. Ó sì lè dákẹ́ pátápátá. Àléébù wà: bátìrì rẹ̀ tètè ń tán, nítorí náà ẹ ní ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́. Kò sì sí jígí tó bo sẹ́ńsọ̀ bí ẹ bá yọ lẹ́ǹsì. Nígbà ọyẹ́, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, eruku á wọlé.

Nítorí pé ó dákẹ́, ìtìjú gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu tí UNESCO kéde ní 2001 jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń wò, síbẹ̀ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó yà á. Ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, kámẹ́rà náà kò gbọdọ̀ rí i.

IṢẸ́ TÓ KÙ FÚN WA

Ẹ wo J. D. ’Okhai Ojeikere ní Nàìjíríà (1930–2014). Kámẹ́rà Brownie kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láti 1968, ó ń ya irun orí àwọn obìnrin, títí tí fọ́tò irun náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000, ó sì ń kọ orúkọ irun sílẹ̀: Ṣùkú, Oníle Gogoro. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, Ishola Akpo ya àwọn ohun ìdána ìyá rẹ̀ àgbà. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ó di ìtàn nítorí pé ẹnì kan mọ orúkọ rẹ̀.

Fọ́tò wà nínú àpótí ní gbogbo agbo ilé wa. Ikán ń jẹ ẹ́, ooru ń mú kó lẹ̀ mọ́ra. Kò tó ká ya oòrùn àṣálẹ́ nìkan. Ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì, kí kámẹ́rà dojú kọ ọ́ gbọọrọ. Ẹ ya iwájú, ẹ ya ẹ̀yìn náà, nítorí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ilé fọ́tò àti ọdún máa ń wà. Bó bá jẹ́ nẹ́gátíìfù, ẹ gbé e síwájú ojú fóònù tó funfun, kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn. Bí ẹ ò bá ní kámẹ́rà, fóònù lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi. Ẹ gbé fọ́tò náà lọ bá àwọn ìyá àti bàbá wa, kí ẹ bi wọ́n pé: ta nìyí? Ọmọ ta ni? Ilé wo? Níbo ni wọ́n ti yà á? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ fún yín pẹ̀lú.

Fọ́tò lè dúró dè wá di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ orúkọ inú rẹ̀ ń darúgbó lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, kí àwọn ọmọ wa má baà wo ìyá wa kí wọ́n sì rò pé “obìnrin Dàhòmì” ni orúkọ rẹ̀.