Ta Ló Kọ́kọ́ Rí I? Ìròyìn Ojú Ọ̀nà Àgbádárìgì

Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ ọ̀nà Àgbádárìgì lójú ní 2009, tí wọ́n ní ojú irin yóò gba àárín rẹ̀ dé Okokomaiko, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà kọ́kọ́ rí gbà. (Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2023, Mile 2 ló dúró sí.) Ìròyìn ọ̀nà wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn awakọ̀ dánfó ti ń ké síra wọn lójú pópó. Ní 2011 ni Gidi Traffic, tí ń kéde ìròyìn ọ̀nà, dé orí Twitter, Lagos Traffic Radio 96.1 sì tẹ̀ lé e ní 2012. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí ìtàn ìyára. N kò gbà. Ìròyìn ta ni ì bá tètè dé ju ti awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi tí ọ̀nà ti dí? Ohun tí Twitter mú dé ni pé a lè tọpa ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni títọpa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lé: ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà méjì ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ láìtilẹ̀kùn lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ètò kọ̀ǹpútà 4.2BSD ti Yunifásítì Berkeley ló gbé e jáde ní 1983, ọdún kan náà tí wọ́n dá LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé ni kọ̀ǹpútà ń fi ya gíráàfù: àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìlà láàárín ẹni tó tún ọ̀rọ̀ sọ àti ẹni tó sọ ọ́ fún un. Bí ogún ènìyàn bá ní tírélà ti dábùú Ìyànà-Ìbà, tí ìlà mọ́kàndínlógún sì padà sọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ẹlẹ́rìí kan la ní. Bí ìlà wọn kò bá pàdé rárá, ogún ẹlẹ́rìí la ní; kí ẹni tó ń lọ LASU yáa gba ọ̀nà Ìgàndó.

Àwọn kan yóò ní awakọ̀ dánfó àti oníṣòwò ọjà Alaba kì í sábà kọ nǹkan sórí Twitter. Òótọ́ ni, nítorí náà ibi tó ṣófo lórí gíráàfù kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà kò dí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò tilẹ̀ lè mọ̀ bóyá ẹni mẹ́ta tó pè wọlé, ẹnu ẹnì kan náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ Twitter. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ fòpin sí jíjẹ́ kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn máa fa ọ̀rọ̀ láti orí rẹ̀ láìsanwó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ya gíráàfù ọ̀nà Ọ̀jọ́ lónìí yóò san dọ́là kó tó rí ohun tí ará Ọ̀jọ́ kọ lọ́fẹ̀ẹ́.