Bí Ohun Ẹlẹ́mìí Ṣe Ń Dàgbà: Ẹ̀kọ́ Ọmọdé ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Bí ewéko àti ẹranko ṣe ń dàgbà, bí wọ́n ṣe ń rí oúnjẹ jẹ, bí wọ́n ṣe ń bímọ àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ fún ikú wà lára ohun tí ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, mẹ́rin lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó fi oko yí Ìbàdàn ká, ẹ̀kọ́ yìí kì í bá ọmọ lófo. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń wọ kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Mọ́níyà, Iyànà Ọ̀fà tàbí Akánrán ti rí ewúrẹ́ tó bímọ lẹ́yìnkùlé, ó ti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ ju àgbàdo sínú ebè, ó sì mọ adìyẹ tó ń sàba yàtọ̀ sí èyí tó kàn jókòó. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ bí ẹni tí kò tíì fojú kan nǹkan rí. Àdánù ńlá gbáà ni. Ó ti mọ̀ pé irúgbìn ń hù. Ìdí tó fi ń hù, àti bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè wádìí rẹ̀, ni ó kù kí ilé ìwé fi kún un, orí ohun tó gbé wá láti ilé ló sì yẹ kí wọ́n gbé e lé.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti hàn jù ni inú èdè. Irúgbìn ń hù, ó ń rúwé, ó ń tanná, ó ń so, èso rẹ̀ ń gbó, ó ń pọ́n, bí a kò bá sì tètè ká a, á rà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀, àgbẹ̀ kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó lè má tíì pọ́n, iṣu tó ti rúwé lè má tíì ta, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ òdòdó lórí kò tíì ní ọmọ tí a lè yan jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹranko. Adìyẹ ń yé, ó ń sàba, ó ń pa. Òròmọdìyẹ ló ń di àkùkọ tàbí àgbébọ̀. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìyẹ fi ń pa. Ti pẹ́pẹ́yẹ tó wọ́pọ̀ ní abúlé wa máa ń tó ọjọ́ 35, ti awó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ìyá tó bá kó ẹyin awó sábẹ́ adìyẹ kì í fi í sọ̀rètí nù nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí kò gbọ́ ohùn ọmọ. Bí ọmọ ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu àgbà ló ń kọ́ ìgbésí ayé ohun ẹlẹ́mìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé tó bá wá ká gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pé ó ń dàgbà, ti gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ náà.

Kí wá ni wọ́n ń fún un dípò rẹ̀? Agbára káká ni a fi lè rí ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà tí kò lè ka MR NIGER D, lẹ́tà mẹ́jọ tó dúró fún àmì tí a fi ń dá ohun ẹlẹ́mìí mọ̀: ìrìn, mímí, jíjẹun, kí nǹkan kan ara ẹni kí a sì mọ̀ ọ́n, dídàgbà, yíyọ ìdọ̀tí ara dànù, bíbímọ àti kíkú. Àkọ́sórí yìí wúlò fún ìdánwò, n kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tó kà á tán bóyá ẹyọ àgbàdo gbígbẹ tí wọ́n so kọ́ sókè ààrò, tí èéfín ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀, jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí. Kò rìn, kò jẹun, kò dàgbà. Òkú ni lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a gbìn ín, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ó ti yọrí. Kí olùkọ́ wá gbé kóró kòkó tútù tì í. Àgbẹ̀ kòkó mọ̀ pé kóró tí oòrùn bá ti gbẹ kò lè hù mọ́ láé, nígbà tó jẹ́ pé àgbàdo gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó ṣeé fi pamọ́ dọdún. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ṣẹ̀ ló fà á. Inú igbó kìjikìji ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ kì í gbẹ, ni kòkó ti wá, irúgbìn rẹ̀ kò sì ní ohun tó ń dúró dè. Mẹ́síkò, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ni àgbàdo ti wá. Irúgbìn tí kò bá lè sùn de òjò níbẹ̀ yóò parun. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn àwọn méjèèjì, gbígbẹ àti tútù, tó sì rí èyí tó hù àti èyí tó kọ̀, ti mọ bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń là á já ju ohun tí lẹ́tà mẹ́jọ lè sọ fún un lọ.

Àwọn kan á ní òbí kò torí oko rán ọmọ lọ sílé ìwé. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà rin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní 1922 ni pé kí ẹ̀kọ́ ọmọ dúdú bá oko àti ilé rẹ̀ mu. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wọ ìlànà tí wọ́n tẹ̀ ní 1925. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa fura pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ́ lé ọmọ wọn lọ́wọ́ kí kálámù má bàa tẹ̀ ẹ́, ìfura náà sì nídìí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rí i bí ọ̀nà tí ọmọ wọn yóò gbà bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ oòrùn. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́: ọmọ tó pẹ́ dé tàbí tó pariwo ni wọ́n ń rán lọ gé koríko, tí oko fi di ibi ìyà. N kò lè dá òbí lẹ́bi tí kò bá fẹ́ gbọ́ orúkọ oko ilé ìwé mọ́. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ríro oko, ọ̀tọ̀ ni wíwò ó. Kíláàsì tó gbin ẹ̀wà sí poro méjì, tó fi agbọ̀n dé ọ̀kan mọ́lẹ̀ kúrò lọ́wọ́ oòrùn, tó ń fi okùn wọn gíga wọn láràárọ̀ tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ ẹrú. Irú iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ní IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, nínú Akínyẹlé kan náà, láti 1967 ni wọ́n ń ṣe.

Wọ́n sì ti dán irú ẹ̀kọ́ yìí wò nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn 1960, African Primary Science Program, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, kọ ìwé fún olùkọ́ lórí ohun tó wà láyìíká. Ọ̀kan dá lórí kòkòrò kékeré tó ń gbẹ́ kòtò róbótó sínú iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń lúgọ sísàlẹ̀ rẹ̀ de èèrà tó bá ṣì ẹsẹ̀ gbé. Orúkọ tí wọ́n sọ ìwé náà ní kí ọmọ lọ bi kòkòrò náà léèrè ohun tó bá fẹ́ mọ̀, orúkọ náà sì wù mí gidigidi. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti ìyókù láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ẹni tó bá ní olùkọ́ wọn gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkànṣe kò purọ́, èdè nìkan kò sì lè dá ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, nítorí náà kí a má fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, kò tíì rí èsì fún Modákẹ́kẹ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí, nítorí wọn kò tíì gbìyànjú rẹ̀ dójú àmì.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ìmọ̀ ilé ní àṣìṣe nínú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ tó fi ń tóbi, ó sì jọ òótọ́, nítorí àgbà ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣá, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì gbìn sórí ilẹ̀ tó ṣá kì í ta dáadáa. Jan Baptista van Helmont, onímọ̀ ará ilẹ̀ Belgium òní, gbin igi kan sínú ìkòkò tó wọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lórí ìwọ̀n, kò sì fún un ní nǹkan kan ju omi lọ fún ọdún márùn-ún. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1648 sọ pé igi náà fi ìwọ̀n tó lé ní kílò 70 tóbi, yẹ̀pẹ̀ kò sì dín ju nǹkan bí gíráàmù 57 lọ. Ó wá pinnu pé omi ló di igi, òun náà sì ṣì í: afẹ́fẹ́ tí ewé ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ di oúnjẹ kò wá sí i lọ́kàn. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ilẹ̀ ń fún igi ló ń tán tí a fi ń ní ilẹ̀ ṣá, tí àgbẹ̀ fi ń jẹ́ kó sinmi. Àgbà kò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yóò ha orúkọ gígùn tí iṣẹ́ ewé ń jẹ́ sórí, síbẹ̀ yóò ṣì gbà nínú ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ni igi ń jẹ, nítorí kò sẹ́ni tó bi í léèrè ní èdè tó fi ń ronú. Àṣìṣe tí kò jáde síta kò ṣeé tún ṣe.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kò sì gba owó tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Lásìkò ọyẹ́, ìgbín máa ń fa ara wọnú karaun, á fi ìbòrí funfun dí ẹnu rẹ̀, á sì wà bẹ́ẹ̀ láìjẹ láìmu títí òjò yóò fi dé. Bí a bá da omi sí i, ó ń jí. Kíláàsì tó ní ìgbín méjì àti garawa kan ti ní ohun èlò ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ẹ̀rùn àti ìfaradà. Ẹ̀gẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn 1970, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà bo ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. IITA lọ wá agbọ́n tíntín tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ láti ibi tó ti wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba World Food Prize ní 1995. Ìtàn ẹni tó ń jẹ ẹni nìyí, Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é, ó sì yẹ kí ọmọ Akínyẹlé gbọ́ ọ kó tó gbọ́ ti kìnnìún.

Ìṣòro tó ń bọ̀ kíákíá ni pé oko fúnra rẹ̀ ń lọ. Ní Mọ́níyà, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti ń dé láti 2021. Ní Ẹgbẹ́dá àti Lágelú, bíríkì ń hù níbi tí kòkó wà. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé tuntun wọ̀nyí lè má mọ ebè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gà ṣì ń ya ewé ọ̀pẹ hun ìtẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀ka. Ìbátan ẹ̀gà kan wà tí a kò mọ̀ níbòmíràn láyé ju gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ; John Elgood ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958, wọ́n sì fi Ìbàdàn sọ orúkọ rẹ̀, Malimbus ibadanensis. Ó ń gbé nínú igbó IITA, iye rẹ̀ sì ti kéré débi pé wọ́n kà á mọ́ ẹyẹ tó lè parun. Láti dá a mọ̀ láàárín ẹ̀gà yòókù, ojú tó ti mọ́ ẹ̀gà lára dáadáa ló gbà.