Odò Ọya: Báwo ni omi tó rin 4,180 kìlómítà ṣe já síbi tí kò ju 1,900 lọ?

Lórí àwọn òkè Guinea ni odò Ọya ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òkun Atlántíìkì kò fi bẹ́ẹ̀ ju 240 kìlómítà lọ. Àmọ́ odò náà kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó kọrí sí aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ìyẹn ló da àwọn òyìnbó láàmú. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé ìwọ̀ oòrùn ló ń ṣàn sí, títí di oṣù Keje ọdún 1796, tí Mungo Park, ọmọ Scotland, dé Ségou ní Mali òde òní, tó rí i pé ìlà oòrùn ni omi ń lọ.

Òótọ́ ni Park rí, ṣùgbọ́n àwọn kan fa ìlà náà lọ tààrà, wọ́n ní odò Nile ló ń lọ bá. Park fúnra rẹ̀ padà gbà pé odò Congo ni. Èrò yìí ló gbé kiri títí tó fi kú ní Bussa lọ́dún 1806.

Apá kan ìrìn ni wọ́n fi ń wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì.

Láti orísun dé Timbuktu, odò náà sún bíi 850 kìlómítà sí àríwá àti 830 sí ìlà oòrùn. Láti Timbuktu dé ẹnu Nun létí òkun, ó sún bíi 1,390 sí gúúsù àti 990 sí ìlà oòrùn.

Àríwá àti gúúsù ń jẹ ara wọn: 1,390 yọ 850, ó ku 540 sí gúúsù. Ti ìlà oòrùn ń ro pọ̀ ni: 1,820. Tí ẹ bá fi méjèèjì ya onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan jẹ́ dígírì 90, ìlà kẹta tó so orísun mọ́ ẹnu odò yóò gùn tó 1,900 kìlómítà. Tangent tí a kọ́ nílé ìwé girama yóò sì sọ pé ó fi bíi dígírì 16 àti ààbọ̀ tẹ̀ sí gúúsù láti ìlà oòrùn. (Ayé kì í ṣe pẹpẹ, nítorí náà iye tó súnmọ́ ọn ni.)

Ìdajì kejì yẹn ni Park kò rí wọ̀n parí. Lọ́dún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Badagry, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi láti apá Bussa.

Wọ́n kó wọn nígbèkùn lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbé wọn dé Aboh. Níbẹ̀ ni King Boy, oníṣòwò láti Brass, ti gbà láti gbé wọn dé etí òkun nítorí owó ìtúsílẹ̀. Odò tí àwọn òyìnbó ń fi ẹ̀mí wá òpin rẹ̀ yìí, ọ̀nà ọjà ni fún àwọn ará Brass.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu Nun, ọ̀gá ọkọ̀ òyìnbó tí wọ́n bá níbẹ̀ kọ̀, kò san owó náà.