Láti Òpó Irin Kamina dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Ẹ̀dá-Èdè Láàrín Wa

Ní ọdún 1911, ilé-iṣẹ́ Telefunken ti orílẹ̀-èdè Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó wáyà aláìlókùn ńlá kan sí Kamina, nítòsí Atakpamé. Baron Anton Codelli, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Ljubljana, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé àwọn òpó irin gàgàrà dúró níbẹ̀, kí ìròyìn lè ti Kamina dé Nauen lẹ́bàá Berlin, ọ̀nà tó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, láìgba inú okùn abẹ́ òkun tí ó wà ní ìkáwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, bí ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ti ń súnmọ́ tòsí, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó ohun tí wọ́n kọ́. Ní ọjọ́ 26, wọ́n túúbá.

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mọ ìtàn yìí. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ. Ẹ̀rọ Kamina kì í gbé ohùn ènìyàn. Lẹ́tà ni ó ń gbé, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní àmì gígùn àti àmì kúkúrú. Nítorí náà, èdè tí kò bá ní àkọtọ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Èdè Jámánì gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èdè Ifẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Àná, èdè àwọn tí ilé àti oko wọn yí ibùdó náà ká, kò tíì ní àkọtọ́ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí. A lè bá Berlin sọ̀rọ̀ láti Kamina, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní èdè Kamina.

Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan tí ó ń múra ìdánwò bákì wá bá mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè ni mo fẹ́ lọ kà ní Lomé. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ní ta ní ń lọ sí yunifásítì láti lọ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá ti mọ̀ ọ́n sọ?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ẹni tí yóò ta iṣu san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè. Ìtàn ni mo fi dá a lóhùn, òun náà ni mo sì ń sọ fún yín níhìn-ín.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan ní ìlú Òṣogùn. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827. Ní ọdún 1843, ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde; ní ọdún 1852, àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú gírámà tẹ̀ lé e. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó jókòó ka orúkọ ohun gbogbo nínú èdè rẹ̀, tí ó sì tò wọ́n sínú ìwé. Ní Freetown kan náà ni Sigismund Koelle ti bi àwọn tí a gbà lóko ẹrú léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju 100 lọ wé ara wọn nínú ìwé Polyglotta Africana tí ó jáde ní ọdún 1854. Oríṣiríṣi ẹ̀ka-èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀. Láti inú ìyà ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láàrín wa.

Àwọn Jámánì náà mọ̀ pé ẹni tí yóò ṣàkóso ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè ìlú. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè sílẹ̀ ní Berlin ní ọdún 1887, àti ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ àmúnisìn ní Hamburg ní ọdún 1908, níbi tí Carl Meinhof ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Diedrich Westermann, tí ó wá sí Togo gẹ́gẹ́ bí ajíhìnrere ní ọdún 1901, kọ ìwé atúmọ̀ èdè Ewe àti gírámà rẹ̀ kí ọdún 1908 tó dé, lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin. Bí ẹ ṣe rí i, Berlin ni ọmọ Jámánì ti ń gba oyè lórí èdè wa, nígbà tí ọmọ Atakpamé kò ní ibi kankan láti kà á. Nígbà tí Faransé gba ilẹ̀ yìí, èdè Faransé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa ṣì ń rántí pàṣán tí ó ń tẹ̀ lé ẹni tí ó bá sọ èdè ilé rẹ̀.

Òmìnira ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ní Ìbàdàn, Ayọ̀ Bamgboṣe, tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh, tẹ gírámà Yorùbá tirẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ọmọ tí ó ń sọ èdè náà láti inú oyún ni ó wá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà lè ka Yorùbá fún oyè àkọ́kọ́, kí ó sì kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti jókòó ṣẹ̀dá èdè-ìperí fún un. Ní ti Togo, ọdún 1970 ni a dá Yunifásítì Benin sílẹ̀ ní Lomé, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Lomé láti ọdún 2001. Ìmọ̀ èdè ní ẹ̀ka tirẹ̀ níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀? Oyè lísáǹsì jẹ́ sáà mẹ́fà àti ẹyọ-ẹ̀kọ́ 180. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ bí ẹnu, imú àti ọ̀nà-ọ̀fun ṣe ń pe ìró; yóò kọ́ ìró tí ó ń yí ìtumọ̀ padà àti èyí tí kò yí i padà; yóò kọ́ ìhun ọ̀rọ̀, ìhun gbólóhùn àti ìtumọ̀; yóò kọ́ bí àwùjọ ṣe ń lo èdè. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ wọ́n láìṣì í. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí ohùn fi pín wọn sí mẹ́rin, kò sì lè yan àmì tí ẹlòmíràn yóò fi kà wọ́n láìṣìnà. Ìyàtọ̀ tó wà láàrín ẹni tí ó ń mí àti ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ni èyí.

Ìmọ̀ yìí kan ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń jà lé lórí nínú ẹgbẹ́ wa pàápàá: ṣé Yorùbá ni Ifẹ̀ ti Atakpamé ń sọ, àbí èdè mìíràn? Àwọn àgbà Djama àti Gnagna sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni a ti wá. Àwọn onímọ̀ èdè, ní tiwọn, ka Ifẹ̀ mọ́ ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Ede, pẹ̀lú Ìdàáṣà, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìṣà ní Benin, gbogbo wọn sì jẹ́ ìbátan Yorùbá. Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò lè pa ìjà náà tán, nítorí pé ìbéèrè nípa orúkọ jẹ́ ìbéèrè nípa ẹni tí a fẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó lè fi hàn wá ibi tí ìró ti jọra àti ibi tí ó ti yà, kí ó má baà jẹ́ ariwo ẹnu nìkan ni a fi ń jà.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà wà níbẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ń fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ. Ọmọ Atakpamé tí ó kọ́ láti kọ Ifẹ̀ ń kọ ɛ àti ɔ, bí àwọn tó kù ní Togo. Ìró kan náà ni, aṣọ méjì ni ó wọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá ṣí ojú-ìwé Yorùbá inú ìwé ìròyìn yìí máa ń rò pé èdè àjèjì ni, nígbà tí ó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ni ó dí i lójú. Ta ni yóò kọ ìwé kékeré tí yóò fi ọ̀nà hàn láti inú àkọtọ́ kan sí èkejì? Ẹni tí ó ka ìmọ̀ yìí ni.

N kò tan akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀, àti pé olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń dà. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé Ewe àti Kabiyè ni àtúnṣe ẹ̀kọ́ ọdún 1975 mú wọ ilé-ìwé gẹ́gẹ́ bí èdè orílẹ̀-èdè, tí èdè tiwa sì dúró sí ìta. Àwọn onímọ̀ àjọ SIL ti ṣe ìwé atúmọ̀ Ifẹ̀ àti Faransé. Iṣẹ́ ńlá ni, ó yẹ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ kan kò tó. Kíkọ́ àgbà ní ìwé kíkà, rédíò, ìtumọ̀ ní ilé ìwòsàn, ìwé ọmọdé, gbogbo wọn ń dúró de ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, tí ó sì jẹ́ ọmọ ilé.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá kí mi. A kò jiyàn. Ó bi mí bóyá ọmọ náà yóò lè kọ orúkọ àwọn igi oko rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lomé kò mọ̀ wọ́n mọ́. Mo ní yóò lè kọ wọ́n, pẹ̀lú ohùn wọn. Ó ní kí ọmọ lọ.

Òpó Kamina ti wó láti ọdún 1914. Èdè tí ó kọjá láti orí rẹ̀ ti bá àwọn tó ni ín lọ. Èyí tí kò lè kọjá nígbà náà ṣì wà lẹ́nu wa. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ yín ni ó kù sí láti kọ ọ́ sílẹ̀.