Ìrànlọ́wọ́ Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Lórí Gbèsè Káàdì

Gbèsè káàdì kírẹ́díìtì ni owó tí ènìyàn fi káàdì báńkì rajà láwìn, tí kò sì san tán nígbà tí ìwé ìṣirò oṣù dé. Káàdì yìí yàtọ̀ sí káàdì ATM tó wà lápò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà: owó ara ẹni ni ti ATM ń ná, owó báńkì ni ti kírẹ́díìtì ń ná. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti kọ́kọ́ ń pàdé irú gbèsè yìí. Ní Amẹ́ríkà, àpapọ̀ rẹ̀ kọjá tírílíọ̀nù kan dọ́là ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Federal Reserve ti New York. Àwọn tó ń fi yíyọ onígbèsè nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí owó iṣẹ́ wọn ti ń wá ló sábà máa ń sọ irú ìrànlọ́wọ́ tí onígbèsè yóò rí gbà.

Èlé ló ń mú gbèsè yìí le. Ní ọdún 1978, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé òfin èlé ìpínlẹ̀ tí báńkì fi ṣe ibùjókòó ni báńkì náà yóò máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ tí oníbàárà ń gbé. Kò pẹ́ tí South Dakota fi mú òpin kúrò lórí èlé, Citibank sì kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ lọ sí Sioux Falls. Delaware ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1981, àwọn báńkì mìíràn sì rọ́ lọ síbẹ̀. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èlé orí káàdì ti ń kọjá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní ìpíndọ́gba.

Ká mú ẹni tó jẹ 6,000 dọ́là lórí káàdì tí èlé rẹ̀ jẹ́ 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Èlé oṣù kan ṣoṣo jẹ́ 110 dọ́là. Iye tó kéré jù tí ọ̀pọ̀ báńkì ń béèrè lóṣooṣù ni èlé oṣù náà pẹ̀lú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè, ìyẹn 170 dọ́là lóṣù àkọ́kọ́. Nínú 170 yìí, 60 péré ló bọ́ lára owó tó jẹ. Bí gbèsè bá sì ṣe ń dín ni iye tí wọ́n ń béèrè náà ń dín, kò ní jẹ́ kó tètè tán. Bí onítọ̀hún bá ń san iye tó kéré jù yìí fún ọdún mẹ́wàá gbáko láìpa oṣù kan jẹ, tí kò sì fi káàdì náà ra abẹ́rẹ́ mọ́, owó tó ti jáde lápò rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 11,900 dọ́là, nǹkan bí 1,800 yóò sì ṣì kù lọ́rùn rẹ̀.

Òfin kan tí Ààrẹ Barack Obama bu ọwọ́ lù ní oṣù karùn-ún ọdún 2009 ló sọ ọ́ di dandan kí báńkì kọ ìkìlọ̀ nípa èyí sórí ìwé ìṣirò olóṣooṣù. Ìwé náà ní láti sọ ọdún tí yóò gbà kí gbèsè tó tán bí ènìyàn bá ń san iye tó kéré jù, iye tí yóò máa san bí ó bá fẹ́ parí rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, àti nọ́ńbà fóònù ọ̀fẹ́ tí yóò fi rí olùdámọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ibẹ̀.

Àwọn olùdámọ̀ràn gbèsè wọ̀nyí ló pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ náà. Àjọ tó kó ọ̀pọ̀ wọn pọ̀, National Foundation for Credit Counseling, ti wà láti 1951. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ torí èrè, ìjókòó àkọ́kọ́ sì sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́, yálà lójúkojú tàbí lórí fóònù. Onígbèsè á kó ìwé owó-oṣù àti ìwé ìṣirò gbogbo káàdì rẹ̀ sílẹ̀, olùdámọ̀ràn á sì tú ìnáwó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan: owó ilé, epo mọ́tò, oúnjẹ, owó ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Owó tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí òbí nílé àti èésú tó ń dá lóṣooṣù yẹ kó hàn níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ètò tí kò bá ka irú wọn mọ́ ìnáwó kì í pẹ́ dojú dé. Nígbà mìíràn, ìjókòó náà á fi hàn pé kò sí ètò kankan tí onígbèsè nílò ju pé kó dín ìnáwó kù, kó sì kọjú owó tó bá ṣẹ́kù sí káàdì tí èlé rẹ̀ ga jù.

Bí ìyẹn kò bá tó, wọ́n á gbé ètò ìsangbèsè kalẹ̀. Onígbèsè á máa san owó kan ṣoṣo fún àjọ náà lóṣooṣù, àjọ á sì pín in fún àwọn báńkì, fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín o. Èlé ni báńkì ń gbà láti sọ̀ kalẹ̀. Bó bá sọ̀ ọ́ sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó jẹ 6,000 yẹn, yóò máa san nǹkan bí 146 dọ́là lóṣù fún ọdún mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,030. Owó iṣẹ́ àjọ náà, tó sábà máa ń wà láàárín 25 sí 50 dọ́là lóṣù, á gorí ìyẹn. Wọ́n á ti àwọn káàdì tó wà nínú ètò náà pa, ẹni tó bá sì ń pa oṣù jẹ lè rí i kí báńkì dá èlé àtijọ́ padà.

Apá kan owó tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ń wá láti ọwọ́ báńkì, tí ń fún wọn ní ìdá díẹ̀ nínú owó tí wọ́n bá bá a gbà. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé owó iṣẹ́ kì í wọ́n onígbèsè lára. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tí báńkì ń sanwó fún lè lọ́ra láti sọ fún oníbàárà pé ilé-ẹjọ́ ló yẹ kó gbà lọ. Àwọn kan tilẹ̀ fi orúkọ àìwá-èrè bojú. Ní 2003, àjọ FTC tó ń dáàbò bo oníbàárà pe AmeriDebt lẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn pé owó àkọ́kọ́ tí oníbàárà san fún gbèsè ni wọ́n ń fi ṣe owó iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti polówó pé àwọn kì í gba owó ṣáájú. Òfin owó-orí ọdún 2006 wá fi gbèdéke lé owó tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ àwọn ayánilówó.

Ọ̀tọ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń dúnàádúrà gbèsè. Èrè ni tiwọn. Wọ́n á ní kí onígbèsè dáwọ́ sísan dúró, kó máa tọ́jú owó sínú àkáǹtì kan títí yóò fi tó èyí tí wọ́n lè gbé síwájú báńkì, pé kó gba ìdajì kó sì fi ìyókù jì í. Kò sí òfin tó ní kí báńkì gbà. Ní gbogbo àsìkò náà, èlé àti owó ìtanràn ń gorí ara wọn. Bó bá tó 180 ọjọ́, báńkì á kọ gbèsè náà sí ara èyí tó ti bàjẹ́, ó sì lè tà á tàbí kó pe onígbèsè lẹ́jọ́. Bí báńkì bá tiẹ̀ gba 10,000 lórí gbèsè 20,000, ilé-iṣẹ́ náà á gba tirẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Owó tí báńkì fi jini náà, bó bá ti tó 600 dọ́là, á dé etí ọ́fíìsì owó-orí, tí yóò kà á sí owó tó wọlé, àfi bí onígbèsè bá fi hàn pé gbèsè òun ju ohun ìní òun lọ. Láti oṣù kẹwàá 2010 ni FTC ti ka á léèwọ̀ fún àwọn tó ń ta iṣẹ́ yìí lórí fóònù láti gba owó kí wọ́n tó yanjú gbèsè kankan. Ẹni tó bá béèrè owó ṣáájú ti fi ara rẹ̀ hàn.

Ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò ni ọ̀rọ̀ ń dé nígbà tí apá kò bá ká a mọ́. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ nínú òfin Amẹ́ríkà fún ẹni tí kò lè san gbèsè mọ́. Nínú Chapter 7, ilé-ẹjọ́ á pa gbèsè káàdì rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀ lọ, wọ́n sì lè ta ohun ìní tí òfin kò dáàbò bò. Nínú Chapter 13, onígbèsè tó ń gba owó-oṣù déédéé á máa san ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Gbàrà tí ìwé bá ti wọ ilé-ẹjọ́ ni ìpè fóònù àti ọ̀pọ̀ ẹjọ́ gbèsè gbọ́dọ̀ dúró. Láti 2005, dandan ni kí onígbèsè ti rí olùdámọ̀ràn tí a fọwọ́ sí láàárín 180 ọjọ́ ṣáájú. Chapter 7 lè wà nínú àkọsílẹ̀ kírẹ́díìtì fún ọdún mẹ́wàá. Chapter 13 sábà máa ń kúrò lẹ́yìn ọdún méje.

Láyé àtijọ́, òṣómàáló ará Ìjẹ̀ṣà tó ta aṣọ láwìn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó rẹ̀. Fóònù ni ti àwọn agbowó gbèsè òde òní, òfin ọdún 1977 sì ní wọn kò gbọ́dọ̀ pè kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn mẹ́sàn-án alẹ́. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé onígbèsè ní agbẹjọ́rò lórí ọ̀rọ̀ náà, agbẹjọ́rò ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa bá sọ̀rọ̀.

Ní Britain, ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ wà káàkiri, lọ́dọ̀ Citizens Advice àti StepChange, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ètò ìsangbèsè StepChange kì í gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ onígbèsè. Láti oṣù karùn-ún 2021, onígbèsè ní England àti Wales lè gba ìsinmi 60 ọjọ́ tí èlé kò ní gorí gbèsè tí wọn kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Olùdámọ̀ràn ló ń bá a béèrè. Ẹni tí kò ní ilé, tí owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, lè gba àṣẹ ìdáǹdè tí ń pa gbèsè rẹ́ lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ní 2024, ìjọba fagi lé 90 pọ́n-ùn tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé gbèdéke gbèsè tí àṣẹ náà lè kárí dé 50,000 pọ́n-ùn. Àdéhùn IVA, tí onígbèsè ń bá àwọn ayánilówó ṣe, tí amòye tó ní ìwé àṣẹ ń bójú tó fún owó iṣẹ́, sábà máa ń gba ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Tẹ́lẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ń fún ní owó láti darí onígbèsè sínú irú àdéhùn yìí, yálà ó bá a mu tàbí kò bá a mu. Àjọ FCA tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣúná fòfin de owó bẹ́ẹ̀ ní 2023. Scotland ní ètò tirẹ̀, Debt Arrangement Scheme, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, èyí tí ń dá èlé dúró níwọ̀n ìgbà tí onígbèsè bá ń san owó tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí.